Tírẹ́ẹ̀dì Tí Mo Gbẹ́ Sára Bọ́ọ̀sì Àlíyù

Òótọ́ kan wà lọ́wọ́ mi tí mi ò gbọdọ̀ gbé wọ inú ilẹ̀. Mo ti fi ẹ̀rín bò ó, mo ti fi àdúrà bò ó, mo ti fi ìrẹsì àti òróró ọdún bò ó, kò bò. Èmi ni Ọládiméjì oníléèdì, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ní Ṣàgámù, ẹni tí àwọn mẹkáníìkì láti Ìkòròdú títí dé Ìjẹ̀bú máa ń gbé irin wá bá. Dókítà ti sọ fún èmi àti ìyàwó mi pé ẹ̀dọ̀ mi kò ní bá mi pẹ́ mọ́. Ó rọra sọ ọ́ ni, ọmọdé ni dókítà náà, bàtà rẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Ìyàwó mi bú sẹ́kún. Èmi ò sunkún. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe ikú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀run. Ojú mi ló wá sí mi lọ́kàn, ojú méjèèjì tó wà lórí mi yìí, torí pé ohun kan wà tí àwọn nìkan rí láyé. Bí wọ́n bá fi lè bo ilẹ̀ mọ́ wọn báyìí, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ìdírísù yóò máa gbé ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ kiri títí tí òun náà yóò fi kú. Ẹ̀yin ará ìjọ mi, ẹ̀yin ẹgbẹ́ oníléèdì, ẹ̀yin èèyàn Ṣàgámù tẹ́ ẹ̀ ń pè mí ní Bàbá Olóòótọ́, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ irú ẹni tí ẹ̀ ń pè bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi ló kọ́ mi níṣẹ́, nínú àgbàlá wa. Ìwé kíkà, ìyá mi ló fi Bíbélì àti ìwé orin kọ́ mi lórí ẹní, mi ò jókòó sí kíláàsì tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ léèdì, ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ́ irin, tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, àwọn òyìnbó ló ṣe é láyé àtijọ́, ínṣì nìkan ló sì mọ̀ ọ́n kà. Bí ẹ bá wo bóòtù dáadáa, ẹ ó rí ilà tó lọ́ yí i ká láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ilà yẹn là ń pè ní tírẹ́ẹ̀dì. A kì í gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan. Irin á máa yí lẹ́nu ẹ̀rọ, ọ̀bẹ á máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á fa ilà kan tó fẹ́lẹ́ bí irun orí. A ó fa ọ̀bẹ sẹ́yìn, a ó dá a padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, a ó tì í wọlé díẹ̀ sí i, á tún rìn lójú ilà yẹn kan náà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tí ilà náà yóò fi jìn tó. Gbogbo ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé kí ọ̀bẹ má ṣìnà. Bó bá yà díẹ̀ pẹ́rẹ́ kúrò lójú ilà àkọ́kọ́, á gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ohun tó yẹ kó nípọn á fẹ́lẹ́ bí ẹnu abẹ, nọ́ọ̀tù tí wọ́n bá dè mọ́ ọn ò sì ní rí nǹkan gidi dì mú. Lífà kan wà lára ẹ̀rọ tó so ọ̀bẹ mọ́ ọ̀pá gígùn tó ń wà á lọ. Bó bá jẹ́ tírẹ́ẹ̀dì ínṣì lò ń gbẹ́ lórí ẹ̀rọ ínṣì, o lè tú lífà yẹn, kí o wo aago kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí o tún un so, ọ̀bẹ á bá ojú ilà rẹ̀ pàdé. Ṣùgbọ́n mọ́tò ayé òde òní, mìlímítà ni wọ́n. Bó o bá ń gbẹ́ mìlímítà lórí ẹ̀rọ ínṣì, irọ́ ni aago yẹn á máa pa fún ọ. O ò gbọdọ̀ tú lífà títí iṣẹ́ á fi parí. Ńṣe ni wàá fa ọ̀bẹ jáde lára irin, wàá jẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ yí sẹ́yìn, kí ọ̀bẹ bá a padà bó ṣe bá a lọ. Ó máa ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, ó máa ń sú èèyàn. Bàbá mi kì í pariwo mọ́ mi lórí nǹkan kan àfi èyí. Wọn á ní, "Ládi! Mú ọwọ́ ẹ kúrò lára lífà yẹn!" Bí mo bá sì ṣe é dáadáa, tí nọ́ọ̀tù bá wọlé wẹ́rẹ́ láìmì, ìyá mi á gbọ́ nínú ilé ìdáná, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí: "Àjàní, ọmọ a-bá-irin-sọ̀rọ̀-kí-irin-ó-dáhùn. Àjàní, ọwọ́ tí kì í gbọ̀n lójú iná. Ọ̀nà tí ọwọ́ ẹ bá là, ẹsẹ̀ ará ayé á tọ̀ ọ́ délé, Àjàní mi." Ìyá mi, níbi tí ẹ bá wà lónìí, ẹ dárí jì mí. Ọwọ́ tí ẹ kì yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Oṣù ààwẹ̀ ni, lọ́dún tó tẹ̀ lé ọdún kòrónà. Ìdírísù wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ pẹ̀lú Àlíyù awakọ̀. Ìdírísù yìí, obì ni àwọn ẹbí rẹ̀ ń tà ní Ṣàgámù láti ọjọ́ tó ti pẹ́, òun nìkan ló yà sídìí mọ́tò. Kò sí mẹkáníìkì tí mo fẹ́ràn tó o ní gbogbo àyíká Ìntáṣéńjì, ìkóríta títì márosẹ̀ tó wà létí ìlú wa. Bó bá di bóòtù kan tán, á fi àtàńpàkò kàn án bí ẹni ń kí ọmọ tuntun. Irin tí táyà iwájú bọ́ọ̀sì Àlíyù ń yí lé lórí ni wọ́n gbé wá. Ẹnì kan ti fi òòlù lu ẹnu rẹ̀ títí tírẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ fi kú pátápátá, wẹ́dà sì ti fi iná kún un. Ó kù kí èmi fá a kó dọ́gba, kí n gbẹ́ tírẹ́ẹ̀dì tuntun sí i, mìlímítà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wọlé padà sí Ìlíṣàn lọ́jọ́ náà, èrò sì pọ̀ ní Ìntáṣéńjì bí eṣú, Àlíyù ò lè jókòó. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń yọjú wo ọwọ́ mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀ ń gbẹ́ irin yìí ni àbí ẹ lóyún ẹ? Ẹ bí i fún wa, ẹ jọ̀ọ́!" Ìdírísù ní, "Àlíyù, fi wọ́n sílẹ̀. Táyà tí wọ́n fẹ́ gbé lé e, orí ẹ náà ló máa gbé sáré." Àlíyù ní, "Orí mi ò níṣòro. Ebi ló níṣòro, ìwọ tó ń gbààwẹ̀, o ò lè mọ̀." A jọ rẹ́rìn-ín. Mo fi Ọlọ́run bẹ yín, ẹ rántí pé a rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè gbàgbé ẹ̀rín náà.

Nígbà tó di ọwọ́ ọ̀sán, Ìdírísù ní òun fẹ́ lọ kírun. Àlíyù ti bọ́ síta, ó ń fi fóònù bá àwọn èrò sọ̀rọ̀ pé òun ti dé tán. Èmi nìkan ló kù nídìí ẹ̀rọ. Mo ti gbẹ́ ẹ ju ìdajì lọ, ilà náà ń dán, ó lẹ́wà. Ọ̀bẹ wà nínú irin gan-an nígbà tí iná lọ. Ẹ̀rọ dákẹ́. Ohun tí bàbá mi kọ́ mi ni pé kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan, kí n fi ọwọ́ rọra yí irin padà títí ọ̀bẹ á fi tú ara rẹ̀ sílẹ̀, kí n wá jókòó de iná. Ṣùgbọ́n Àlíyù fi orí wọlé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò tíì tán? Wọ́n ti ń bọ́ sínú mọ́tò ẹlòmíì o!" Inú bí mi. Ó ń ṣe mí bíi pé ẹnu ọ̀bẹ á kán sínú irin náà. Mo nawọ́, mo tú lífà. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rọrùn. Ọwọ́ tí ìyá mi kì ló tú u. Nígbà tí iná dé, mo so ó padà, mo wo aago tí mo mọ̀ pé irọ́ ló ń pa, mo fojú díwọ̀n, mo sì tan ẹ̀rọ. Tírẹ́ẹ̀dì tó bá ń lọ déédéé, ó máa ń dún ṣííí bí epo tó gbóná. Èyí ké. Ó ké bí ẹran. Mo pa ẹ̀rọ, mo fi àkísà nù ún, mo wò ó. Ilà méjì ló wà níbẹ̀ tó yẹ kó jẹ́ ẹyọ kan. Wọ́n ti pín ara wọn jẹ. Ohun tó kù láàrin wọn fẹ́lẹ́ débi pé mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀.

Ohun tó yẹ kí n ṣe ò ṣòro. Kí n pe Àlíyù, kí n ní, "Mo ti ba iṣẹ́ yìí jẹ́, ẹ gbé e padà sọ́dọ̀ wẹ́dà, ó di ọ̀la." Kò sẹ́ni tí irin kì í bà jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nídìí iṣẹ́ wa. Ṣùgbọ́n mo ti di Bàbá Olóòótọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ wa fi mí ṣe ẹni tí yóò máa dán iṣẹ́ àwọn tó ń gbòmìnira wò. Ta ni mo fẹ́ kó gbọ́ pé èmi ni mo tú lífà lórí mìlímítà? Mo tan ẹ̀rọ padà, mo gbẹ́ ẹ lọ títí nọ́ọ̀tù fi wọlé. Ó wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń mì lórí rẹ̀ bí eyín ọmọ tó fẹ́ yọ. Mo wá mú pọ́ǹṣì, irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó, àti òòlù kékeré, mo ń ta á tó, tó, tó sí etí àwọn ilà náà kí wọ́n lè wú sókè, kí nọ́ọ̀tù lè rí nǹkan há sí. Gbogbo oníléèdì tó jẹ́ olè ló mọ ọgbọ́n yìí. Èmi fúnra mi ti lé èèyàn kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù mi torí rẹ̀ rí. Mo fi gírísì bò ó mọ́lẹ̀. Ìdírísù dé látibi ìrun, omi àlùwàlá ṣì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ó fi nọ́ọ̀tù dán an wò, ó dúró díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó há díẹ̀ o." Mo ní, "Tuntun ni. Ṣé o fẹ́ kó máa ṣeré ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bí kì í bá ṣe pé ọwọ́ yín ló ti jáde ni, ǹ bá nu gírísì yìí kúrò kí n wò ó." Kò nù ún. Ó gbà mí gbọ́. Mo tilẹ̀ bá wọn lọ sídìí bọ́ọ̀sì, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Ìdírísù gbé táyà wọlé, ó di nọ́ọ̀tù ńlá náà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi na kọ́tà pín." Kọ́tà pín ni wáyà líle tí wọ́n máa ń tì gba inú nọ́ọ̀tù àti irin kọjá, kí nọ́ọ̀tù má baà yí padà. Tuntun ni, ó ń dán. Mo nà án sí i. Ó tì í wọlé, ó fi pláyà ya ẹsẹ̀ pín náà méjèèjì, ó sì fi àtàńpàkò kàn án. Mo dúró tì í, kò ju bí apá ṣe gùn lọ. Ojú mi rí i. Kí gbogbo ẹni tó bá ń ka èyí gbọ́: ojú mi rí i.

Oṣù ààwẹ̀ ò tíì parí tí táyà yẹn fi jáde. Ìntáṣéńjì náà ni, ibi tí àwọn ọkọ̀ ti ń yà sí ọ̀nà Ìjẹ̀bú. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní bọ́ọ̀sì náà rọra tẹ̀ ni, iná ń ṣẹ́ lára irin bó ṣe ń fá títì, táyà sì ń lọ níwájú rẹ̀ lóun nìkan bíi pé ẹnì kan rán an níṣẹ́. Ẹ̀yìn Morónkẹ́ ló bá. Morónkẹ́ tó ń ta búrẹ́dì, ọmọ Ìpẹ̀rú, tí kì í jẹ́ kí n kọjá láìfi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Bàbá oníléèdì, ẹ wá ra búrẹ́dì, ti òní le díẹ̀, ẹ lè gbẹ́ bóòtù lára ẹ̀!" Ó kọ ẹ̀yìn sí títì ni, ó ń ka ṣéńjì fún ẹnì kan. Wọn ò gbé e dé ọsibítù kó tó dákẹ́. Èmi wà nídìí ẹ̀rọ mi nígbà tí ariwo dé. Wọ́n ní táyà bọ́ọ̀sì kan ló yọ. Mi ò béèrè bọ́ọ̀sì ta ni. Mo jókòó sórí àwọn ìfọ́ irin nílẹ̀, mo sì ń gbàdúrà. Ṣé ẹ mọ àdúrà tí mò ń gbà? Mi ò gbàdúrà fún ẹni tó kú. Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí títì ti fá tírẹ́ẹ̀dì yẹn tán kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Èmi, Ọládiméjì, tó máa ń ka ẹ̀kọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní gáréèjì ni ẹgbẹ́ awakọ̀ ti pe ìpàdé. Àlíyù ti fi aṣọ di orí, ojú rẹ̀ wú, ó ń ké bí ọmọdé, "Ìdírísù ni! Kò fi kọ́tà pín sí i! Ẹ wo nọ́ọ̀tù náà!" Wọ́n ti rí nọ́ọ̀tù nínú gọ́tà, kò sí pín lára rẹ̀ lóòótọ́. Èmi mọ̀ pé nígbà tí tírẹ́ẹ̀dì ti wó, nọ́ọ̀tù ló fà á já bó ṣe ń jáde lọ. Alága wọn gbé irin náà fún mi níwájú gbogbo èèyàn. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ irin. Ṣé tírẹ́ẹ̀dì ló kọ́kọ́ jẹ, àbí nọ́ọ̀tù ló tú?" Mo yí irin náà. Títì ti fá a lóòótọ́, àfi níbi ìdí rẹ̀, níbi tí ilà díẹ̀ ṣẹ́ kù sí. Wọ́n wà níbẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ojú pọ́ǹṣì mi lára wọn bí ojú ṣọ̀pọ̀nná. Mo fi àtàńpàkò mi bo ibẹ̀. Mo ní, "Títì ló fá a. Nọ́ọ̀tù ló tú." Ìdírísù fò dìde. Kò bínú sí mi, ẹ ò rí nǹkan! Ńṣe ni ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ pé òun ti rí ẹlẹ́rìí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wà níbẹ̀ kẹ̀! Ẹ̀yin lẹ na pín sí mi. Ẹ sọ fún wọn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ rí mi nígbà tí mo fi sí i." Mo gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn. Mo ní, "Mo na pín sí ọ, Ìdírísù. Ṣùgbọ́n nígbà tó o máa fi sí i, mi ò wo ibẹ̀. Mi ò rí i." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n?" Ó tún ní, "Ẹ̀gbọ́n?" Mo gbé irin náà padà fún alága, mo sì nu ọwọ́ mi.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ló burú dé. Ó ku èyí tó burú jù. Kí àwọn ọlọ́pàá tó wá mú un, Ìdírísù wá bá mi nílé. Wọn ò tíì pe ìrun láti ṣínu, ètè rẹ̀ gbẹ. Kò jókòó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́lòmíì níbí. Mi ò ní kẹ́ ẹ tún nǹkan kan sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ mọ̀. Mo rí i lọ́kàn mi pé mo fi sí i. Mò ń rí ọwọ́ mi. Ẹ bá mi sọ òótọ́, ṣé mo fi sí i, àbí mi ò fi sí i?" Ilẹ̀kùn nìyẹn, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú mi. Ǹ bá wọlé. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo fa àga sún mọ́ ọn, mo gbé ọwọ́ lé e léjìká bíi bàbá, mo ní, "Ìdírísù, ààwẹ̀ lò ń gbà lọ́jọ́ yẹn. Oòrùn mú, ebi ń pa ọ́, Àlíyù ń dà ọ́ láàmú. Ó ṣeé ṣe kó o gbàgbé. Ọkàn èèyàn lè máa fi ohun tí kò ṣẹlẹ̀ hàn án. Lọ tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run ẹ." Ó wá mi orí, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ààwẹ̀ ni mò ń gbà." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Ó kí mi pé ó dàárọ̀, ó lọ. Irin tí mo gbẹ́ ló pa Morónkẹ́. Ṣùgbọ́n Ìdírísù, ẹnu mi ni mo fi pa á, lójúkojú, mo sì gbé ọwọ́ lé e léjìká bí mo ṣe ń pa á lọ.

Àwọn ẹbí Morónkẹ́ ní àwọn ti fa ọ̀rọ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́, àwọn ọlọ́pàá sì tú Ìdírísù sílẹ̀. Ẹgbẹ́ mẹkáníìkì yọ orúkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé mọ́tò fún un mọ́, ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ ní wọ́n gbé e wá, kò ní lè fọwọ́ kàn án. Kareemat, ìyàwó rẹ̀, wá bá mi lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi bá ọkọ mi sọ̀rọ̀, ẹ̀yin nìkan ló máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Tó bá ti ilẹ̀kùn, á dìde lọ wò ó bóyá ó tì í. Tó bá ṣe àlùwàlá tán, á ní ṣé òun ṣe é? Tó bá kírun tán, á bi mí pé ráká mélòó ni òun kí? Èmi ni mo di ojú ẹ̀, bàbá. Lánàá, ó fún ọmọ wa lóògùn ibà. Kò pẹ́, ó tún gbé e jáde, ó ní òun ò tíì fún un. Mo ní o ti fún un. Kò gbà. Mo já ìgò náà gbà lọ́wọ́ ẹ̀ ni. Bí mi ò bá sí nílé ńkọ́?" Mo bu ìrẹsì fún un, mo fi òróró lé e, mo gbàdúrà fún ìdílé wọn. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run má fi ẹni rere bíi tèmi ṣe àwátì. Mo ṣe àmín. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí: mo ṣe àmín sí i.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin tí mo ti dán iṣẹ́ yín wò tí mo sì bú pé ẹ ò mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ fojú fo gbogbo nǹkan yòókù nínú ìwé yìí bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ mú ìwọ̀nba èyí. Tírẹ́ẹ̀dì tó bà jẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ gé e dànù níwájú ẹni tó ni ín. Kó bú yín. Kó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Kó rojọ́ yín káàkiri Ìntáṣéńjì. Ẹ ó jẹun, ẹ ó sùn. Mo ti ránṣẹ́ sí ìyá Morónkẹ́ ní Ìpẹ̀rú. Wọ́n ní kí n má wá. Wọn ò jẹ̀bi, mi ò sì ní bẹ̀ wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ti sọ ọ́ fún Àlùfáà ìjọ wa pé kí wọ́n ka èyí jáde, kí wọ́n má yọ ọ̀rọ̀ kan nínú ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fà mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, ilé mi ò ṣòro mọ̀, ó kàn ní láti yára.

Ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ́ kí Ìdírísù gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Mo ní kí ìyàwó mi dì mí mú dé ilé wọn. Ẹ̀rọ omi ló bẹ̀rẹ̀ sí lẹ́yìnkùlé, ó ń ṣe àlùwàlá ìrun Àsárì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti funfun nítorí omi. Bó ṣe rí mi, ó sáré gbé àga wá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ tún jáde fún pẹ̀lú ara yín? Ẹ ò bá ránṣẹ́ sí mi." Mi ò jókòó. Mo mọ̀ pé bí mo bá jókòó, mi ò ní lè sọ ọ́. Mo ní, "Ìdírísù, o fi kọ́tà pín sí i. Mo rí ọ. Tírẹ́ẹ̀dì mi ló bà jẹ́. Èmi ni mo bà á jẹ́, mo mọ̀ kí n tó gbé e fún ọ, mo sì purọ́ mọ́ ọ." Omi ń kán sílẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ èdè mìíràn. Ohùn rẹ̀ kéré, ó ní, "Ọwọ́ wo ni mo fi sí i?" Mo ní, "Ọ̀tún. O fi òsì di nọ́ọ̀tù mú. O fi pláyà ya ẹsẹ̀ pín náà, ọ̀kan sókè, ọ̀kan sísàlẹ̀. O ní Bìsìmílà." Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún náà sókè, ó ń wò ó. Mo ní, "Lù mí. Jọ̀ọ́, lù mí, kò sẹ́ni tó máa mú ọ." Kò lù mí. Kò ní òun dárí jì mí, mi ò sì retí ẹ̀. Ó yíjú sílé, ó kígbe pe ìyàwó rẹ̀, igbe tó jẹ́ pé àwọn ará ilé kejì yọjú. "Kareemat! Kareemat, jáde wá!" Kareemat sáré jáde, èlùbọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí dé ọrùn ọwọ́, ó rò pé ẹnì kan ti ṣubú ni. Ìdírísù ò wò ó. Ẹnu mi ló tẹjú mọ́.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún un sọ, kí òun náà gbọ́."